Yíyan Alágbàwí Ẹ̀kọ́ fún Ọmọ Àkàndá

Kí ni alágbàwí ẹ̀kọ́?

Alágbàwí ẹ̀kọ́ ni ẹni tí òbí pè láti bá a dúró níwájú ilé-ìwé, kí ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ àkàndá lè rí ẹ̀kọ́ tó yẹ ẹ́ gbà. Ọmọ náà lè jẹ́ adití tàbí afọ́jú. Ó lè jẹ́ pé warápá ń ṣe é, tàbí pé ìwé kíkà ṣòro fún un ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Alágbàwí máa ń ṣàlàyé òfin fún òbí, a máa bá ọ̀gá ilé-ìwé jíròrò, a sì máa rí i pé wọ́n kọ ohun tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lé lórí sílẹ̀.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni iṣẹ́ yìí ti gbilẹ̀, lẹ́yìn òfin ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ àkàndá tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 1975. Òfin yẹn kò de ilé-ìwé kankan ní Nàìjíríà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun yóò fi í gbèjà ọmọ yín ní Kánò tàbí ní Ìbàdàn, ẹ má san owó fún un.

Kí ni òfin Nàìjíríà sọ?

- Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti 2004 sọ pé ọ̀fẹ́ àti dandan ni ọdún 9 àkọ́kọ́ ní ilé-ìwé fún gbogbo ọmọ.
- Òfin 2018 tó de ìyàsọ́tọ̀ àwọn àkàndá ẹ̀dá, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari bu ọwọ́ lù ní oṣù kìn-ín-ní 2019, fún wọn ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé ìparí ilé-ìwé girama. Ó ní kí ilé-ìwé ìjọba kọ̀ọ̀kan ní, ó kéré tán, ẹnìkan tó kọ́ṣẹ́ nípa títọ́jú ẹ̀kọ́ wọn. Ìtanràn ìyàsọ́tọ̀ jẹ́ 1,000,000 náírà fún ilé-iṣẹ́. Fún ẹnìkan, ó jẹ́ 100,000 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 6, tàbí méjèèjì.
- Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin tirẹ̀ láti 2011.

Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ ṣe

Ẹ gbé ọmọ lọ fún àyẹ̀wò etí àti ojú ná. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n ń pè ní olódo ni kò gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ rárá. Etí tí ọyún ń jáde nínú rẹ̀, ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ tó le nígbà ìkókó, àti àrùn yírùnyírùn tó máa ń jà ní àríwá Nàìjíríà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, gbogbo wọn ló lè ba ìgbọ́ràn jẹ́. Ẹ bèèrè fún àbájáde àyẹ̀wò ní kíkọ, pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó ṣe é. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ sì fi ojúlówó pamọ́ sílé. Láìsí ìwé yìí, alágbàwí kò ní ohun tí yóò dì mú.

Ta ni ó lè ṣe é?

Olùkọ́ àwọn ọmọ àkàndá, pàápàá ẹni tó ti fẹ̀yìn tì, lè ṣe é. Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Jos wà lára àwọn tó ń kọ́ irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ tún lè bèèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá ní ìpínlẹ̀ yín, tàbí lọ́wọ́ òbí tó ti la irú ọ̀nà yìí kọjá.

Ìbéèrè tí ẹ gbọ́dọ̀ bi í

Iṣẹ́ yìí kò ní ìwé-àṣẹ bíi ti nọ́ọ̀sì tàbí ti agbẹjọ́rò. Ẹnikẹ́ni lè pe ara rẹ̀ ní alágbàwí. Nítorí náà, ẹ bi í pé:

1. Níbo ni ẹ ti kọ́ṣẹ́? Ṣé mo lè bá òbí kan tí ẹ ti ràn lọ́wọ́ sọ̀rọ̀?
2. Èló ni owó yín? Ṣé owó ọkọ̀ wà nínú rẹ̀? Ṣé ẹ ó fún mi ní rìsíìtì?
3. Ṣé ilé-ìwé aládàáni tàbí oníṣègùn kankan ń fún yín lówó láti mú ọmọ wá?

Ẹ yẹra fún ẹni tó bá ṣèlérí ìwòsàn, tó ní kí ẹ dá oògùn warápá dúró, tí kò fẹ́ kí ẹ wà níbi ìpàdé, tàbí tó fẹ́ dá wà pẹ̀lú ọmọ.

Ní ọjọ́ ìpàdé

Ẹ fi ọ̀wọ̀ bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ kì í ṣe ọ̀tá yín. Ẹ bèèrè ohun díẹ̀ tó ṣe é ṣe: àyè ní iwájú kíláàsì, lẹ́tà ńlá, àkókò láti lo oògùn, àfikún àkókò nígbà ìdánwò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ohun tí wọn yóò ṣe, ẹni tí yóò ṣe é àti ìgbà tí yóò bẹ̀rẹ̀, kí gbogbo yín sì bu ọwọ́ lù ú. Ẹ padà wá yẹ̀ ẹ́ wò ní ìparí sáà. Bí ọmọ bá fẹ́ ṣe ìdánwò WAEC, ìgbà ìforúkọsílẹ̀ ni kí ilé-ìwé ti sọ àìní rẹ̀.

Bí ilé-ìwé bá kọ̀, ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, lẹ́yìn náà sí àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àkàndá ẹ̀dá ní Àbújá. National Human Rights Commission ń gba ẹ̀sùn lọ́fẹ̀ẹ́, Legal Aid Council sì ń ran ẹni tí kò ní owó agbẹjọ́rò lọ́wọ́.

Bí kò bá sí owó

Ẹ má dá lọ. Ẹ mú ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò kan tó mọ̀wé, tí kì í bínú, lọ́wọ́ lọ láti kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀. Ẹ̀yin òbí gan-an ni alágbàwí àkọ́kọ́ ọmọ yín, nítorí ẹ̀yin lẹ mọ ohun tó lè ṣe àti ohun tó ń dẹ́rù bà á. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀: ọdún tí ọmọ bá fi jókòó sí kíláàsì láìgbọ́ nǹkan kan kì í padà wá mọ́.