Ta Ni Ó Ni Àká? Ojú Irin Ẹ̀bútè-Mẹ́ta àti Irè Oko Wa

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò: àká. Àká ni ibi tí àgbẹ̀ ń kó àgbàdo rẹ̀ pamọ́ sí. Ẹni tí ó roko ni ó ni ín. Òun náà ni ó sì ń pinnu ọjọ́ tí yóò ṣí i.

Rélùwéè ni ó yí èyí padà. Ní 1896 ni ìjọba àmúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Ìdó. Ó dé Ìbàdàn ní 1901. Nígbà tí ó fi di 1912, ọkọ̀ ti ń ti Èkó dé Kánò. Kòkó láti ilẹ̀ Yorùbá àti ẹ̀pà láti òkè Ọya ń gba Mushin àti Yábà kọjá sí Ẹ̀bútè-Mẹ́ta, kí wọ́n tó dé èbúté ọkọ̀ òkun. Kòkó kì í ṣe àgbàdo: bí ọjà bá kùtà, àgbẹ̀ kò lè sè é jẹ. Nítorí náà, àká kúrò lóko, ó di ilé ìkẹ́rùsí oníṣòwò.

Kì í ṣe àwa nìkan ni èyí bá. Ní Saskatchewan, ní ilẹ̀ Kánádà, àwọn tí ó ni àká gíga ẹ̀bá ojú irin ni ó ń wọn àlìkámà, tí wọ́n sì ń díye lé e. Ní 1901 kan náà, àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀; nígbà tí ó fi di 1926, wọ́n ti ní àká tiwọn.

Lọ́dọ̀ tiwa, ìjọba ni ó gba ipò oníṣòwò. Ní 1947 ni ó dá ìgbìmọ̀ tí ń díye lé kòkó sílẹ̀. Ní 1954, iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ ìjọba ẹlẹ́kùnjẹkùn. Wọ́n ní èrè tí ó bá ṣẹ́ kù yóò wà fún ọjọ́ tí ọjà bá burú. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú rẹ̀ ni ìjọba ná sórí iṣẹ́ mìíràn. Owó orí àti owó kékeré tí wọ́n ń san lórí kòkó wà lára ohun tí ó mú Àgbẹ̀kọ̀yà dìde ní 1968. Ní 1986, ìjọba pa àwọn ìgbìmọ̀ náà rẹ́.

Ní 2021, ọkọ̀ ojú irin tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í ná Ẹ̀bútè-Mẹ́ta sí Ìbàdàn. Inú mi dùn sí i. Síbẹ̀, bí a bá ti ń yìn ín pé ó yára, ẹ jẹ́ kí a máa bèèrè bákan náà: ta ni ó ni àká?