Owó Ilé àti Ilé-Ìwé: Ìtàn Yíyan Àdúgbò ní Ṣógúnlé

Ọ̀rọ̀ kan tí ó jáde ní ìpàdé wa ni ó ti kálámù sí wa lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ayálégbé àdúgbò wa dìde, ó ní onílé òun ti fi owó lé owó ilé, òun sì ti rí yàrá méjì tí owó rẹ̀ kò tó ìdajì èyí tí òun ń san, níhà Ìjọ̀kò ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ṣùgbọ́n ọmọ òun obìnrin wà ní ilé-ìwé níhìn-ín, àwọn olùkọ́ rẹ̀ sì ń yìn ín. Ó bi ìpàdé léèrè pé, èwo nínú méjèèjì ni kí òun fi sílẹ̀? Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n ní wàhálà ayé òde-òní nìyẹn. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè náà dàgbà ju èyíkéyìí nínú wa lọ. Òun gan-an ni ó kó púpọ̀ nínú àwọn bàbá wa wá sí Ṣógúnlé.

Ní ìgbà àwọn bàbá ńlá wa, ẹni tí ó bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ kàwé jinlẹ̀ ní Èkó, inú erékùṣù ni yóò kọjú sí. Níbẹ̀ ni ìjọ Onítẹ̀bọmi dá Baptist Academy sílẹ̀ ní 1855. Níbẹ̀ ni C.M.S. dá Grammar School sílẹ̀ ní 1859. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì dá Boys' High School ti wọn sílẹ̀ ní 1878, ìjọba sì dá King's College sílẹ̀ ní 1909. Iṣẹ́ àti ọjà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí náà àyè kò sí mọ́, ọ̀pọ̀ ìdílé sì ń gbé inú yàrá kan ṣoṣo. Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri wọ Èkó ní 1924, èyí sì wà lára ohun tí ó mú kí ìjọba yan ìgbìmọ̀ tí a ń pè ní LEDB ní 1928 láti tún ìlú tò. Ní 1955 ìgbìmọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí éékà 70 ní àárín Èkó, wọ́n ń wó ilé, wọ́n sì ń kó àwọn kan lọ sí Sùúrùlérè. Òyìnbó kan, Peter Marris, wádìí ọ̀rọ̀ náà, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1961. Ó rí i pé ilé tuntun náà ní àyè, ó sì mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹni tí ó kó lọ síbẹ̀ pàdánù àwọn oníbàárà wọn, wọ́n jìnnà sí ẹbí, owó ọkọ̀ sì ń gbọ́n àpò wọn gbẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi owó ọkọ̀ yìí sọ́kàn, a óò padà sí i.

Kì í ṣe Sùúrùlérè ni gbogbo ènìyàn lọ. Àwọn mìíràn tọ ojú irin lọ. Ojú irin yìí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tẹ́ láti Èkó ní 1896, tí ó sì dé Ìbàdàn ní 1900. Ẹni tí ó bá ti wo ibi tí Ṣógúnlé wà, láàárín Oṣòdì àti Ìkẹjà, tí ojú irin àti títì Agége jọ ń kọjá lẹ́bàá rẹ̀, yóò mọ ìdí tí òṣìṣẹ́ fi lè sùn níhìn-ín kí ó sì ṣiṣẹ́ ní Ìddó tàbí ní Èkó. Ilẹ̀ Àwórì ni ilẹ̀ wa yìí, ìdílé ni ó ni ín, ọwọ́ ìdílé sì ni ènìyàn ti ń rà á. Kò sí omi ẹ̀rọ, kò sí títì tí ó dára wọ inú àdúgbò, nítorí náà ni ilẹ̀ fi dínwó, tí owó yàrá sì fi rọjú.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa kò mọ̀. Ṣógúnlé kò sí lábẹ́ Èkó nígbà náà. Nígbà tí òfin ìjọba tuntun dé ní 1954, wọ́n yọ ìlú Èkó kúrò lábẹ́ Ìwọ̀ Oòrùn, wọ́n sọ ọ́ di ti ìjọba àpapọ̀. Múṣín, Oṣòdì, Ṣógúnlé, Ìkẹjà àti Agége kù sí ọ̀dọ̀ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn tí ó fi Ìbàdàn ṣe ibùjókòó. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Èkó kò bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ títí di 1957. Ẹ wá wo ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀: fún ọdún méjì gbáko, ẹni tí ó ń gbé Èkó ń san owó ilé tí ó ga, ó sì ń san owó ilé-ìwé, ẹni tí ó kọjá pààlà díẹ̀ sí ìhà ọ̀dọ̀ wa ń san owó ilé tí ó rọjú, ọmọ rẹ̀ sì ń kàwé lọ́fẹ̀ẹ́. A kò sọ pé nítorí ẹ̀kọ́ nìkan ni èrò fi rọ́ wá. Èkó fúnra rẹ̀ ti kún; ènìyàn 230,256 ni a kà níbẹ̀ ní 1950, wọ́n sì ti di 665,246 nígbà tí a tún kà wọ́n ní 1963. Ṣùgbọ́n bàbá tí ó ní ọmọ mẹ́rin kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣírò fún un.

Àwa tí a jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ni ó yẹ kí a sọ apá kejì ìtàn náà, nítorí àwọn olóṣèlú kì í fẹ́ sọ ọ́. Àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn jẹ́ 456,600 ní 1954. Ní 1955 wọ́n di 811,432. Níbo ni a óò ti rí olùkọ́ fún gbogbo wọn láàárín ọdún kan? Àwọn tí kò tíì gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ni a kó wọ kíláàsì. Ọdún mẹ́jọ tí ọmọ ń lò ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tẹ́lẹ̀ sì di mẹ́fà. Ariwo pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi yan ìgbìmọ̀ tí Banjo jẹ́ alága fún láti wádìí ìdí tí ẹ̀kọ́ fi ń rẹlẹ̀. Síbẹ̀, àwa kò ní bá ẹnikẹ́ni bú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà. Ọmọ tí ó jókòó nínú kíláàsì tí ó kún sàn ju èyí tí ó wà ní oko tàbí ní ìsọ̀ ìyá rẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ìwé mẹ́fà ni ọ̀rọ̀ ń dójú ẹ̀. Ilé-ìwé Modern ọlọ́dún mẹ́ta tí Ìwọ̀ Oòrùn dá sílẹ̀ ní 1955 kì í ṣe ọ̀fẹ́, kì í sì í ṣe girama. Púpọ̀ nínú àwọn girama tí orúkọ wọn ń dún ṣì wà ní Èkó àti ní Yábàá. Nítorí náà ni àwọn òbí kan fi ń mú ọmọ lọ fi sí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò wọn ní erékùṣù, kí ó máa pọnmi, kí ó máa gbálẹ̀, kí ó lè ráyè kàwé. Àwọn mìíràn ń fi ọmọ sí ọkọ̀ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Owó tí wọ́n rí ṣẹ́kù nínú owó ilé ni wọ́n ń dá padà fún awakọ̀. Bí ọdún ti ń lọ, àwọn girama náà fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí kúrò ní erékùṣù: C.M.S. Grammar School lọ sí Bàrígà, Baptist Academy lọ sí Ọbáníkòró. Àyè ni àwọn náà ń wá, gẹ́gẹ́ bí àwọn bàbá wa.

Ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967 wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, pààlà náà sì parẹ́. Ohun tí kò parẹ́ ni èrò. Àwa fúnra wa lọ sí ilé-ìwé ọ̀sán ní kékeré. Àwọn ọmọ kan a lo kíláàsì ní òwúrọ̀, àwa a sì wọlé nígbà tí oòrùn bá ti mú, tí olùkọ́ ti rẹ̀, tí ebi sì ti ń pa wá. Nígbà tí Alhaji Lateef Jakande di gómìnà ní oṣù kẹwàá ọdún 1979, ó fi òpin sí ètò òwúrọ̀ àti ọ̀sán yìí, ó sì kọ́ kíláàsì káàkiri. Àwọn alátakò rẹ̀ ń pe ilé náà ní ilé adìẹ. Ó gbóná lóòótọ́. A jókòó nínú rẹ̀, a mọ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ mẹ̀kúnnù ti lè fi ẹsẹ̀ rìn láti yàrá tí owó rẹ̀ kò pọ̀ lọ sí ilé-ìwé girama. Gómìnà náà kọ́ ilé fún mẹ̀kúnnù pẹ̀lú, ó sì ṣe é ní Ìsọlọ̀ nítòsí wa. Nínú gbogbo àwọn tí ó ti ṣe ìjọba lórí wa, òun ni a rí tí ó di ilé àti ilé-ìwé mú pọ̀ bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Lẹ́yìn rẹ̀, owó oṣù olùkọ́ kò ra nǹkan mọ́, àwọn ilé-ìwé aládàáni sì hù bí olú. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ ka wọ́n ní 2010 sí 2011, wọ́n jẹ́ 12,098. Láti ìgbà náà ni ìṣirò ti yí padà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà, ibi tí ènìyàn ń gbé ni ó sábà máa ń sọ ilé-ìwé ìjọba tí ọmọ rẹ̀ yóò lọ, nítorí náà ilé tí ó wà nítòsí ilé-ìwé rere a máa wọ́n gógó. Níhìn-ín, ẹni tí ó bá lówó lè gbé ibi tí ó wù ú kí ó sì fi ọmọ sí ibi tí ó wù ú. Ẹni tí kò ní ni àdúgbò ń dè mọ́lẹ̀. Òfin Ilé Yíyá ti Ìpínlẹ̀ Èkó tí ó jáde ní 2011 sọ pé onílé kò gbọdọ̀ gba ju owó ọdún kan lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ẹ̀yin tí ẹ ti wá ilé láìpẹ́ yìí, ẹ mọ iye tí wọ́n bi yín, ẹ sì mọ owó ééjẹ́ǹtì àti owó àgirímẹ́ǹtì tí wọ́n lé e lórí.

Nítorí náà, nígbà tí arákùnrin yẹn béèrè ní ìpàdé, a ní kí ó mú bébà. Kí ó kọ owó ilé níhìn-ín àti ti Ìjọ̀kò sí i. Kí ó kọ owó ọkọ̀ òun àti ti ọmọ rẹ̀. Kí ó kọ owó ilé-ìwé àti ti lẹ́sìn. Kí ó sì kọ wákàtí tí ọmọ yóò lò lójú ọ̀nà, nítorí inú wákàtí wọ̀nyí ni oorun àti iṣẹ́ àṣetiléwá ti ń jáde. Nígbà tí ó parí, ìyàtọ̀ méjèèjì kò tó bí ó ti rò.

Ó lọ bẹ́ẹ̀ náà. Kò lè rí owó onílé kó jọ lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tí ó jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ni owó ọkọ̀ ń jáde. Ọmọ náà kò kúrò ní ilé-ìwé. Láti òwúrọ̀ kùtùkùtù ni ó ti ń wọ dáńfó dé Àgbàdó, kí ó tó wọ ọkọ̀ ojúirin tuntun tí ó bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò ní 2024, lẹ́bàá ojú irin àtijọ́ yẹn. Yóò gba iwájú Ṣógúnlé kọjá, nítorí kò sí ibùdó níhìn-ín. Oṣòdì ni yóò ti sọ̀ kalẹ̀, yóò sì rìn padà.

Ní ìpàdé kan náà, ẹgbẹ́ fọwọ́ sí i pé kí a dá owó láti tún òrùlé ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa ṣe. Àwọn onílé dá tiwọn, àwọn ayálégbé náà dá tiwọn. Ìyá àgbàlagbà kan tí ó ń ta ata bi àwọn onílé pé, bí òrùlé náà bá wá dára tán, ṣé wọn kò ní tìtorí rẹ̀ fi owó kún owó ilé? Akọ̀wé kọ ìbéèrè náà sílẹ̀. A óò gbé e yẹ̀ wò ní ìpàdé tí ń bọ̀, a sì ń retí kí gbogbo onílé wá.