Láti Àkísà dé Páàdì Aṣọ: Ìtàn Ohun Tí Obìnrin Ń Lò fún Nǹkan Oṣù

Páàdì tí à ń lò lẹ́ẹ̀kan tí a sì ń jù nù kò tíì ju nǹkan bí 130 ọdún lọ lórí àtẹ. Aṣọ ni ọ̀pọ̀ obìnrin ń lò kó tó dé, aṣọ náà ni àwọn kan sì tún ń padà sí báyìí, nítorí ike tí páàdì ń kó jọ sí ààtàn àti owó rẹ̀ tó ń wọni lára. Bí àwọn èèyàn ṣe ń hùmọ̀ nǹkan tuntun, bẹ́ẹ̀ ni ìtìjú ń bá ìhùmọ̀ wọn rìn bí òjìji.

Ayé àkísà

Àṣẹ́ ni Yorùbá ń pe ẹ̀jẹ̀ tí obìnrin ń rí lóṣooṣù, ṣùgbọ́n “nǹkan oṣù” ló wọ́pọ̀ lẹ́nu: orúkọ tí kò dárúkọ ohun tó ń sọ. Ìró tó ti gbó ni àwọn ìyá wa máa ń fà ya. Wọ́n á ṣẹ́ ẹ po, wọ́n á dì í mọ́ra, bó bá rin, wọ́n á fọ̀ ọ́ ní kọ̀rọ̀. Kò ná wọn ní kọ́bọ̀, kò sì sí ohun tí wọ́n ń dà sí ààtàn. Ibi tí wọ́n ń sá a sí ni ìṣòro wà. Nítorí kí ọkùnrin tàbí àlejò má baà rí i, abẹ́ aṣọ mìíràn tàbí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n máa ń fi í sí, níbi tí oòrùn ò dé. Bẹ́ẹ̀, aṣọ tí kò gbẹ tán lè di ilé kòkòrò àìsàn.

Páàdì dé orí àtẹ

Ní 1896, ilé-iṣẹ́ Johnson & Johnson gbé páàdì kan jáde ní Amẹ́ríkà, wọ́n pè é ní Lister's Towels. Kò tà. Ta ni yóò dúró níwájú káńtà kó béèrè irú rẹ̀ létí gbogbo èèyàn?

Ogun Àgbáyé Kìíní ló ṣí ọ̀nà. Ilé-iṣẹ́ Kimberly-Clark ń fi igi ṣe ohun kan bí òwú, Cellucotton, tí wọ́n fi ń di ojú ọgbẹ́ àwọn ọmọ ogun. Àwọn nọ́ọ̀sì tó wà lójú ogun ní ilẹ̀ Faransé rí i pé ó ń fa ẹ̀jẹ̀ mu ju òwú lọ, wọ́n sì ń fi ṣe páàdì fún ara wọn. Nígbà tí ogun parí, ilé-iṣẹ́ náà sọ ọ́ di páàdì Kotex ní 1920. Láti yẹra fún ìtìjú, wọ́n ní kí àwọn onísọ́ọ̀bù gbé àpótí kan sórí káńtà: obìnrin á ju owó sínú rẹ̀, á mú páàdì tirẹ̀, á lọ láìfọhùn.

Bẹ́líìtì ló ń di páàdì mú nígbà náà. Mary Beatrice Davidson Kenner, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, gba ìwé àṣẹ lórí bẹ́líìtì tó sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní àwọn ọdún 1950. Ilé-iṣẹ́ kan nífẹ̀ẹ́ sí ìhùmọ̀ náà, àfi ìgbà tí wọ́n rí i pé aláwọ̀ dúdú ni Kenner, ni wọ́n bá fà sẹ́yìn. Ìgbà tí Stayfree gbé páàdì tó ń lẹ̀ mọ́ pátá jáde ní 1969 ni bẹ́líìtì bẹ̀rẹ̀ sí í kógbá wọlé.

Tampon, òwú tí obìnrin ń tì sínú ara, náà ti wà lórí àtẹ láti 1936, nígbà tí Tampax bẹ̀rẹ̀ sí í ta èyí tí dókítà Earle Haas hùmọ̀. Ní 1980, àìsàn òjijì kan tó lè pani mú ọ̀pọ̀ obìnrin ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì rí i pé ó tan mọ́ tampon tó ń fa ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ mu. Procter & Gamble kó tampon rẹ̀ tó ń jẹ́ Rely kúrò lọ́jà. Láti ìgbà náà ni àwọn obìnrin ti túbọ̀ ń béèrè ohun tó wà nínú nǹkan tí wọ́n ń fi sára.

Ife tó ṣáájú ìgbà rẹ̀

Ní 1937, Leona Chalmers, òṣèré orí ìtàgé ní Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ lórí ife rọ́bà kékeré tó ń gba nǹkan oṣù nínú ara. Rọ́bà di ọ̀wọ́n gógó nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, iṣẹ́ dúró. Ó tún gbìyànjú lẹ́yìn ogun, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ obìnrin ò fẹ́ fọwọ́ kan ara wọn tó bẹ́ẹ̀. Ife náà kò rẹ́sẹ̀ walẹ̀ títí The Keeper fi dé ní 1987, tí Mooncup onísílíkónì sì tẹ̀ lé e ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2002.

A ó ká a tì í wọlé, á ṣí nínú ara. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan a ó dà á nù, a ó sì ṣàn án. Bí nǹkan oṣù bá parí, a ó bọ̀ ọ́ nínú omi híhó. Ẹyọ kan ṣeé lò tó ọdún 10. Ní 2019, ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet Public Health gbé àyẹ̀wò ìwádìí 43 jáde lórí rẹ̀: kò jò ju páàdì tàbí tampon lọ.

Ike, owó àti omi

Bí obìnrin bá ń lo páàdì 15 lóṣù, 180 ni lọ́dún, 1,800 ni lọ́dún 10. Ike ló wà lẹ́yìn púpọ̀ nínú wọn, kì í sì í jẹrà bọ̀rọ̀. Bí a bá sun ún, èéfín; bí a bá jù ú sí gọ́tà, omi ò ní rọ́nà lọ.

Owó náà ń kó ìdààmú báni. Kẹ́ńyà yọ owó orí ọjà (VAT) kúrò lórí páàdì ní 2004. Nàìjíríà yọ VAT kúrò lórí èyí tí wọ́n bá ṣe nílé, nínú òfin ìnáwó 2019. Síbẹ̀, ní Oṣù Kejìlá 2023, Procter & Gamble tó ń ṣe Always kéde pé òun ò ní ṣe ọjà ní Nàìjíríà mọ́, òkè òkun ni òun yóò ti máa kó o wọlé.

Ní Uganda, Moses Musaazi ti Yunifásítì Makerere fi koríko etí odò àti bébà àlòkù ṣe páàdì tó ń jẹ́ MakaPads. Ilé-iṣẹ́ AFRIpads sì ń rán páàdì aṣọ níbẹ̀ láti 2010. Páàdì aṣọ ní aṣọ múlọ́múlọ́ níhà ara, èyí tó ń fa omi láàárín, èyí tí omi ò lè gbà kọjá nísàlẹ̀, àti bọ́tìnì tí wọ́n fi ń dè é yí pátá. Omi tútù ni a kọ́kọ́ fi ń ṣàn án, nítorí omi gbígbóná a máa mú kí ẹ̀jẹ̀ lẹ̀ mọ́ aṣọ. Lẹ́yìn náà ni ọṣẹ, lẹ́yìn náà ni oòrùn.

Ẹni tí omi ò wọ́n ní àdúgbò rẹ̀ lè ṣe èyí wẹ́rẹ́. Ẹni tó ń ra omi ní kẹ́ẹ̀gì gbọ́dọ̀ ṣírò rẹ̀. Ṣùgbọ́n oòrùn ò lówó, okùn tí a ń sá aṣọ sí sì wà ní ọ̀pọ̀ àgbàlá. Síbẹ̀, ìtìjú ò tíì lọ: ìlú tí wọ́n ṣì ń fi náílọ́ọ̀nù dúdú wé páàdì fún oníbàárà ni páàdì aṣọ bọ́ sí. Bí a bá tún gbé e pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ti padà di àkísà.