Kí Bitcoin Tó Dé: Bí Owó Ẹyọ Ṣe Di Yẹpẹrẹ ní Ilẹ̀ Yorùbá

Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, àwọn ènìyàn tí inú ń bí ya wọ ọ́fíìsì kan ní ìlú Ìbàdàn, wọ́n sì kó ohun tí ọwọ́ wọn bà níbẹ̀ lọ. Ọ́fíìsì àwọn CBEX ni, àwọn tó ti ṣèlérí fún ará ìlú pé ẹni tó bá fi owó ayélujára sí ìkáwọ́ wọn yóò gba ìlọ́po méjì rẹ̀ láàárín nǹkan bí oṣù kan. Nígbà tó yá, owó kò ṣe é gbà jáde mọ́. Láti ìgbà náà ni àwọn àgbà kan ti ń sọ pé ayédèrú ni gbogbo owó ayélujára, tí àwọn ọ̀dọ́ sì ń fèsì pé náírà gan-an kò sàn jù ú lọ.

Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n ń lọ́ pọ̀. Gbájú-ẹ̀ ni ti CBEX. Bí ó bá jẹ́ kòkó ni wọ́n fi ṣe é, gbájú-ẹ̀ náà ni ì bá jẹ́. Èkejì ló le: owó tí ẹnikẹ́ni kò jí, tó wà lọ́wọ́ olówó rẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, kí ló dé tí iye rẹ̀ fi ń yí padà bí ọ̀gà ṣe ń pa àwọ̀ dà? Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, bitcoin ẹyọ kan tó nǹkan bí 69,000 dọ́là. Ọdún kan lẹ́yìn náà, nígbà tí ilé-iṣẹ́ FTX wó lulẹ̀, kò tó 16,000 mọ́. Ní oṣù kejìlá ọdún 2024 ó ré kọjá 100,000. Ẹni tó tajà ní ọjọ́ kan tó sì gba bitcoin kò lè sọ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e bóyá èrè ni òun jẹ tàbí àdánù.

Àwọn tó ń jiyàn lórí èyí máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí nílẹ̀ yìí. Ó ṣẹlẹ̀ rí.

Owó ẹyọ ni Yorùbá ná fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Karawun ẹran inú òkun ni, àwọn erékùṣù Maldives tó wà nínú Òkun Íńdíà sì ni èyí tó lókìkí jùlọ ti ń wá. Àwọn oníṣòwò Yúróòpù a máa rà á ní Íńdíà, wọn a kó o sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kí ọkọ̀ má baà fì, wọn a gbé e dé Amsterdam tàbí London, láti ibẹ̀ ni wọn yóò ti tún un kó wá sí etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ohun tí wọ́n fi í rà jùlọ fún ìgbà pípẹ́ ni ènìyàn. Kò yẹ kí a sọ ìtàn owó ẹyọ bí ìtàn ọjà lásán kí a sì fo ìyẹn dá.

Bí owó, ó ní ìwà tí àwọn olólùfẹ́ bitcoin ń yìn lónìí. Ọba kankan kò rọ ọ́, báǹkì kankan kò tẹ̀ ẹ́. Kò sí alágbẹ̀dẹ tó lè ṣe ayédèrú rẹ̀. Kì í jẹrà, kì í dípẹtà, kòkòrò kì í jẹ ẹ́. Ọ̀nà rẹ̀ jìn, nítorí náà kò lè pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, tàbí bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ènìyàn rò. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì kún àpò kan, èyí tí í ṣe ọ̀kẹ́. Ìṣirò yìí wọ èdè lọ débi pé kò jáde mọ́: nígbà tí oníròyìn bá ní gómìnà ya àádọ́ta ọ̀kẹ́ náírà sọ́tọ̀, mílíọ̀nù kan ni ó ń wí, àádọ́ta àpò owó ẹyọ ni ó sì ń kà láìmọ̀.

Nǹkan bí ọdún 1845 ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yíwọ́. Àwọn oníṣòwò Jámánì láti Hamburg rí i pé karawun mìíràn wà ní etíkun Ìlà-oòrùn Áfíríkà, ní agbègbè Zanzibar, tó jọ ti Maldives ṣùgbọ́n tó tóbi jù ú lọ. Owó tí wọ́n fi ń rà á níbẹ̀ kéré gan-an. Ilé-iṣẹ́ O'Swald ní ẹ̀ka ní Zanzibar, ó sì tún ní ẹ̀ka ní Èkó. Kò ju kí wọ́n dì í níhìn-ín kí wọ́n tú u lọ́hùn-ún. Àwọn ará Faransé náà dara pọ̀. Epo pupa ni wọ́n fi í rà, nítorí ẹ̀rọ àti ilé ọṣẹ Yúróòpù ń béèrè epo, àwọn tó ń ta epo nílẹ̀ Yorùbá sì ń béèrè owó ẹyọ. Ọkọ̀ dé tẹ̀ lé ọkọ̀. Owó tí wọ́n rò pé kò lè pọ̀ jù wá pọ̀ jù.

Ìwọ̀n bí iye rẹ̀ ṣe já wà nínú àkọsílẹ̀. Ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn 1850, Heinrich Barth, arìnrìn-àjò ará Jámánì, rí i ní Kánò pé 2,500 ẹyọ ni wọ́n ń gbà fún dọ́là fàdákà kan, èyí tó tó nǹkan bí ṣílè mẹ́rin. Kánò kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n owó kan náà ni. Nígbà tí ọgọ́rùn-ún ọdún náà fi máa parí, ẹgbàá, ìyẹn 2,000 ẹyọ, ti di sísì kan péré ní ilẹ̀ Yorùbá. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ṣílè mẹ́rin ti di 16,000 ẹyọ. Odindi ọ̀kẹ́ kan, tó jẹ́ ẹrù fún ọkùnrin tó gbó, kò ju ṣílè márùn-ún lọ mọ́.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ìlú tó jìnnà sí òkun bí Ìlá Ọ̀ràngún. Láti 1877 títí di 1893 ni ogun Kírìjì fi wà, Ìlá sì wà nínú ẹgbẹ́ Èkìtìpàrapọ̀ pẹ̀lú àwọn Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì. Ogun náà ń fẹ́ ìbọn láti Èkó, ìbọn ń fẹ́ owó, ojú ọ̀nà kò sì dán mọ́rán. Bí ọ̀kẹ́ kan bá níye lórí púpọ̀, ó tọ́ kí alárù rù ú fún ọjọ́ púpọ̀. Bí iye rẹ̀ bá ti já tó bẹ́ẹ̀, owó alárù àti oúnjẹ rẹ̀ lójú ọ̀nà yóò jẹ apá tó pọ̀ nínú ẹrù tó rù. Owó tí kò ṣe é gbé kò yàtọ̀ púpọ̀ sí owó tí kò sí.

Ti gbèsè tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ètò ìwọ̀fà, ẹni tó yáwó, tàbí ọmọ rẹ̀, ni yóò máa ṣiṣẹ́ fún olówó títí tí wọn yóò fi san ojú owó padà. Iṣẹ́ náà ni èlé. Ọkùnrin tó yá ènìyàn ní ọ̀kẹ́ mẹ́wàá ní 1850 tó sì gba ọ̀kẹ́ mẹ́wàá padà ní 1890 gba iye ẹyọ tó yáni pé pérépéré, kò sì gba owó rẹ̀. Fún ẹni tó jẹ gbèsè, ìdáǹdè nìyẹn. Fún ìyá arúgbó tó kó ẹyọ pamọ́ sínú ìkòkò de ọjọ́ ogbó, òfò ni, kò sì rí olè tí yóò bú.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ mú un. Ní 1904 wọ́n fi òfin de kíkó owó ẹyọ wọlé, owó fàdákà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì gba ipò. Ṣùgbọ́n ọjà kò tẹ̀ lé òfin lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kọ́bọ̀ kan tó ẹyọ tó lé ní 300; báwo ni ẹni tó fẹ́ ra ata díẹ̀ ṣe máa fi kọ́bọ̀ rà á? Àṣìṣe yìí hàn sí ìjọba, ni wọ́n bá ṣe ónínì jáde ní 1907, ìdá mẹ́wàá kọ́bọ̀, wọ́n sì dá ihò sí i láàárín kí ó lè ṣe é sín sórí okùn. Ónínì kan tó nǹkan bí ẹyọ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí okùn kan. Ohun tí àwọn ará ọjà ti mọ̀ tipẹ́ ni àwọn òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́.

Àwọn ọ̀dọ́ ní ẹjọ́ láti rò lòdì sí náírà, ẹjọ́ náà kò sì ṣe é fọwọ́ rọ́ tì. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1973 tí náírà gba ipò pọ́n-ún, náírà méjì ni pọ́n-ún kan. Títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, náírà kan ju dọ́là kan lọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, kí Báǹkì Àpapọ̀ tó tú u sílẹ̀, dọ́là kan jẹ́ nǹkan bí 470 náírà. Nígbà tí yóò fi di ìbẹ̀rẹ̀ 2024, ó ti lé ní 1,500. Kò tíì pé ọdún kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 kan náà ni ìjọba pààrọ̀ 200, 500 àti 1,000 náírà, tí owó tuntun kò sì tó, tí àwọn ènìyàn ń fi náírà ra náírà lọ́dọ̀ àwọn oní-POS, kí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ tó dá sí i ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta. Ta ni yóò wá bá ọmọ ogún ọdún wí pé kò fi gbogbo ọkàn gbẹ́kẹ̀ lé bébà?

Síbẹ̀, ohun tí wọ́n ń sọ pé bitcoin kò lè ju mílíọ̀nù mọ́kànlélógún lọ láéláé, òótọ́ ni, ó sì kéré sí ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Karawun Maldives náà kò pọ̀ sí i. Karawun mìíràn ló dé tí ọjà gbà bí arákùnrin rẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún owó ayélujára ló ti wà lẹ́yìn bitcoin báyìí, Terra tó sì ṣèlérí pé dọ́là kan ni òun yóò máa jẹ́ wó lulẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2022.

Ìjọba Nàìjíríà ti gbìyànjú ọ̀nà púpọ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kejì ọdún 2021, Báǹkì Àpapọ̀ pàṣẹ fún àwọn báǹkì pé kí wọ́n ti àpò àwọn tó ń ṣòwò owó ayélujára. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà ó gbé eNaira tirẹ̀ jáde. Ìwádìí tí àjọ IMF gbé jáde ní 2023 fi hàn pé nínú 100 àpò eNaira, ó lé ní 98 tí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023 wọ́n ká àṣẹ àkọ́kọ́ náà kúrò. Ní 2025 ni òfin tuntun lórí ìdókòòwò wá fi owó ayélujára sábẹ́ àjọ tó ń bójú tó ìpín ìdókòòwò. Ohun ìdókòòwò ni òfin náà pè é. Kò pè é ní owó.