ÌTÀN ỌDÚN ẸJA ARGUNGU: OMI TÍ A ṢỌ́ NÍ Í BỌ́ ÌLÚ

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ fi Argungu ṣe ilé, ẹ gbọ́. Ẹni tó bá ń jẹ nínú ìlú kan, ó yẹ kó mọ ìtàn ìlú náà.

Láyé àtijọ́, ọ̀tá ni Kebbi àti Sókótó. Ogun Usman dan Fodio ṣẹ́gun ọ̀pọ̀ ìlú Hausa, ṣùgbọ́n àwọn ará Kebbi kò gbà. Argungu ni wọ́n fìdí kalẹ̀ sí. Ní 1934, Sultan Hassan dan Mu'azu ti Sókótó wá kí wọn. Ẹja pípa ni àwọn onílé fi yẹ́ ẹ sí. Bí ọdún ẹja ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àlàáfíà ló bí i.

Wọ́n ń ṣọ́ odò Mata Fada. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pẹja níbẹ̀ títí ọjọ́ ọdún yóò fi pé. Sarkin Ruwa, olórí àwọn apẹja, ni alábòójútó rẹ̀. Bó bá di ìparí Fẹ́búárì tàbí Máàṣì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin a bẹ́ sómi pẹ̀lú àwọ̀n ọwọ́ àti akèrègbè. Ní 2016, UNESCO kọ orúkọ ọdún náà sínú ìwé àwọn àṣà tí aráyé ń dáàbò bò. Ní 2020, ẹja tó gba ipò kìíní wọn kìlógíráàmù 78.

Àlejò dé, owó dé. Àgbẹ̀ a kó irè oko wá síbi àfihàn, aláàlùbọ́sà a tà, onífùrá a tà, ẹni tó ní yàrá a rí owó gbà. Ṣáájú 2020, wọn kò ṣe ọdún náà fún bí ọdún mẹ́wàá. Ẹní àti tọ́ọ̀ṣì tí mo kó de àlejò di ẹrù eruku ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ìyá onífùrá ẹ̀gbẹ́ mi palẹ̀ mọ́, ó padà sí abúlé.

Nígbà tí wọ́n tún ṣe é, ojúkòkòrò mú mi, mo sọ owó ẹní di ìlọ́po méjì. Onílé mi pè mí, ó ní, "Alhaji, àlejò tí o bá rẹ́ jẹ lónìí, kò ní padà wá bá ẹnikẹ́ni nínú wa." Ojú tì mí.

Ẹ̀yin ará mi, ẹ jẹ́ ká pa òfin odò yìí mọ́ bí onílé ṣe ń pa á mọ́. Ká má ra ẹja tí wọ́n jí pa níbẹ̀. Ká tajà ní iye tó tọ́. Bí a kò bá ṣọ́ odò, ẹja a tán. Bí ẹja bá tán, àlejò a tán. Bí àlejò bá tán, ọjà tiwa náà tán.

Ẹgbẹ́ wa kò ní bàjẹ́ o. Àṣẹ.