Odùtọ́lá: Oníṣòwò Tí Ilé-Ìwé Rẹ̀ Kò Bá A Kú

 Bí a bá ń ka orúkọ àwọn olówó ilẹ̀ Yorùbá, ilé àti mọ́tò wọn la sábà máa ń kà. Lónìí, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ẹnì kan tí ilé-ìwé ń ránni létí rẹ̀.

Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti bí Timothy Adéọlá Odùtọ́lá ní 1902. Akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣe, kó tó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, tó bọ́ sọ́jà. Láyé ìgbà náà, ilé-iṣẹ́ òyìnbó ló di òwò ńlá mú. Alágbàtà ni ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ wa. Àwọn àgbà wa tó ṣòwò lẹ́bàá ojú irin Kútọnù sí Parakú náà mọ irú rẹ̀. Odùtọ́lá kò jókòó síbẹ̀. Ó dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, títí ó fi di ẹni tó ń ṣe táyà. Nígbà tí àwọn oníléeṣẹ́ Nàìjíríà dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní 1971, òun ni wọ́n fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́.

Ṣùgbọ́n ohun tó wù wá jù lọ nìyí. Ní 1945, nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣèjọba, tí ilé-ìwé girama kò tó nǹkan, ó fi owó ara rẹ̀ dá ọ̀kan sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Kò pè é lórúkọ ara rẹ̀. Olú-Ìwà ló pè é, orúkọ baba ńlá tí ìtàn Ìjẹ̀bú ń dá ṣáájú Ọbańta. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ilé-ìwé ọ̀hún wá ń jẹ́ orúkọ Odùtọ́lá. Bàbá náà jẹ oyè Ọ̀gbẹ́ni-Ọjà, ó sì dágbére fáyé ní 1995. Àwọn ọmọ ṣì ń kàwé níbẹ̀.

Kí ló kàn wá ní Ṣábẹ̀ẹ́? Àwa náà ní oníṣòwò tó ń gba ààlà kọjá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí Ọlọ́run sì ń bù kún. Wọ́n ń kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó dára. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Kíláàsì kan, àga àti tábìlì, owó ìwé ọmọ aláìní kan: ibẹ̀ la ti lè bẹ̀rẹ̀. Ta ni yóò ṣáájú nínú wa?