Ọjọ́ Tí Láptọ́ọ̀pù Àtijọ́ Di Àká Ìdílé

Aago mẹ́jọ àárọ̀. Ní Sátidé yìí, gbogbo ohun tí àwòrán ilé wa wà nínú rẹ̀ la kó sórí tábìlì ní pálọ̀, n'Íbàdàn: fóònù, fláàṣì, káàdì kámẹ́rà. Ohùn ìyá àgbà níbi tí wọ́n ti ń ki oríkì ilé wa wà nínú fóònù kan ṣoṣo, gíláàsì fóònù náà sì ti fọ́. Ohùn yẹn ló lé wa dìde.

Aago mẹ́sàn-án. Kọ̀ǹpútà méjì ló wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í lò mọ́. Láptọ́ọ̀pù la mú láti fi ṣe àká àwòrán àti ohùn wọ̀nyí, nítorí iná díẹ̀ ló ń jẹ, bátìrì rẹ̀ sì ṣì lè gbé e títí jẹnẹrétọ̀ yóò fi dáhùn. A kọ́kọ́ wo bátìrì náà bóyá ó ti wú; èyí tó bá ti wú, yíyọ ni.

Aago mẹ́wàá. Àbúrò mi gbé Debian, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, sórí fláàṣì láti fi sínú láptọ́ọ̀pù náà. Ọ̀fẹ́ ni, Ian Murdock ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1993. Àbúrò mi fi smartctl yẹ dísìkì láptọ́ọ̀pù wò, ara rẹ̀ dá. A kò fi ojú tí èèyàn ń fi máòsì tẹ̀ sí i, nítorí náà gígábáìtì 2 RAM rẹ̀ tó o. Nínú fáìlì logind.conf, a kọ HandleLidSwitch=ignore, kó má baà sùn tí a bá pa ìdérí rẹ̀ dé.

Aago méjìlá ọ̀sán. Ó kan Samba, iṣẹ́ tí Andrew Tridgell bẹ̀rẹ̀ ní Australia. Òun ló ń jẹ́ kí Windows, Mac àti fóònù rí fódà kan náà. Olúkúlùkù ní pásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀. A ní kí rọ́tà máa fún láptọ́ọ̀pù ní àdírẹ́sì kan náà nígbà gbogbo, a kò sì ṣí ojú ọ̀nà kankan fún un sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Aago méjì. Ihò wáyà láptọ́ọ̀pù náà kò kọjá mẹ́gábíìtì 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn bíi mẹ́gábáìtì 11. Àwòrán gígábáìtì 60 yóò gbà tó wákàtí kan àbọ̀. Kó tó dé ìdajì, wọ́n mú iná. Láptọ́ọ̀pù kò kú, àmọ́ rọ́tà kú. A so rọ́tà mọ́ bátìrì kékeré kan, rsync, irinṣẹ́ tí a fi ń kó àwọn àwòrán náà, sì tẹ̀ síwájú láti orí fáìlì tó kù.

Aago méje alẹ́. A ṣe ẹ̀dà kejì sórí dísìkì kan tí a so mọ́ láptọ́ọ̀pù láti ìta. A wá mọ̀ọ́mọ̀ pa àwòrán kan rẹ́ nínú láptọ́ọ̀pù, a sì mú un padà láti inú ẹ̀dà náà. Ẹ̀dà tí a kò tíì dán wò, ìrètí lásán ni.

"Màmá, ẹ tẹ ibí yìí."

Wọ́n tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù wọn, ohùn ìyá wọn sì jáde. Wọ́n ní ká tún gbé e sí i.

Aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ẹ̀dà kẹta ń lọ sílé ẹ̀gbọ́n wa l'Ábẹ́òkúta, nítorí iná tó bá jó ilé kan, gbogbo dísìkì inú rẹ̀ ló máa jó. Bí láptọ́ọ̀pù kan bá ń gba eruku lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín, ẹ gbé e jáde kí fóònù àwọn àgbà tó kú.